Kí Ló Kan Àlá Nínú Ẹ̀fọ́rí?

Ìyá ẹlẹ́ja kan láti ọjà Olúwò wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òórùn èéfín ẹja ṣì wà lára ìró wọn. Wọn ò béèrè oògùn. Wọ́n fa bẹ́ǹṣì fúnra wọn, wọ́n jókòó, wọ́n nu ojú, wọ́n ní: "Dókítà, ọmọ mi, wò ó, kí ló kan àlá nínú ẹ̀fọ́rí?"

Dókítà ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń pe ẹni tó bá ti ń ta oògùn lẹ́yìn káńtà. Mo jà á títí, ó sú mi. Kẹ́míìsì ni mí.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ̀fọ́rí kan ti ń bá Ìyá fínra. Àkọ́bí wọn wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ onísègùn homeopathy kan nígboro Èkó, irú ìṣègùn kan tí kì í ṣe ti ọsibítù. Wọ́n rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n máa lò níbẹ̀, bíi ti ọsibítù. Ó di wákàtí méjì. Ọkùnrin náà béèrè irú àlá tí wọ́n ń lá. Ó béèrè bóyá ààrá ń dẹ́rù bà wọ́n, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n fi ń sùn, bóyá iyọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn tàbí ohun dídùn, àìsàn wo ló ṣe wọ́n ní kékeré, kí ló pa bàbá wọn, ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló wà láyé. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Níkẹyìn, ó gbé ìgò kékeré kan lé wọn lọ́wọ́, hóró funfun wínníwínní kún inú rẹ̀.

"Mo tọ́ ọ wò nínú ọkọ̀. Ṣúgà ni!"

Ṣúgà náà kọ́ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn o. Wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n ti tú gbogbo ìdí ara wọn fún àjèjì. "Àbí aláwo ni? Kí ló fẹ́ fi àlá mi ṣe?"

Ìyá kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, títí kan ibi tí èmi àti àwọn onísègùn náà ò ti ní gbà fún ara wa.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aláwo kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ babaláwo rí mọ̀ pé wọn kì í bi èèyàn ní kí ló gbé e wá. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lo máa sọ̀rọ̀ sí owó lára, wàá gbé e sílẹ̀, Ifá ni yóò sọ ohun tí o bá wá. Babaláwo tó bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ kó tó dá Ifá, o máa fura sí i. Ti homeopathy yàtọ̀ pátápátá. Bí o bá pa ẹnu mọ́, onísègùn náà ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe àgbo. Níbí, ohunkóhun tí kì í bá ti í ṣe ti ọsibítù, "ìbílẹ̀" la máa ń pè é, a ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú agbada kan náà. Homeopathy kì í ṣe ìbílẹ̀ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí. Jámánì ló ti wá. Ewé wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyin tó ń ta ni wà níbẹ̀, oró ejò wà níbẹ̀, wúrà wà níbẹ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Màá padà wá sórí iyọ̀ yẹn.

Samuel Hahnemann ló dá a sílẹ̀. Dókítà ni, wọ́n bí i ní 1755, ó kú ní Paris ní 1843. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù a máa la iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè dà nù, wọ́n a máa fún un ní oògùn tí yóò fi bì, tí yóò sì fi yàgbẹ́ títí tí kò fi ní lè dìde. Ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ lóminú, ó pa iṣẹ́ dókítà tì, ó ń túmọ̀ ìwé jẹun. Ní 1790, ó ń túmọ̀ ìwé oògùn tí dókítà ará Scotland kan kọ, ó kan ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa èèpo igi tí wọ́n fi ń wo ibà, èyí tí kíníìnì inú rẹ̀ wá di oògùn tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa. Kò gba ohun tí ìwé náà sọ. Ó lo èèpo náà fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà náà, ó ní òtútù mú òun, ọkàn òun ń lù kìkì, ó dà bíi pé ibà ń ṣe òun gan-an. Ibẹ̀ ló ti mú òye rẹ̀: ohun tó bá lè fa àmì àìsàn kan lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, òun ni yóò wo ẹni tí àìsàn tó ní irú àmì bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Bóyá òye yẹn tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló kàn wá, torí òun ló bí ìbéèrè àlá. Hahnemann bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ara wọn le ní oríṣiríṣi nǹkan jẹ, òun alára, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe wọ́n ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọn ò yọ ọ̀kan dà nù. Bí ẹnìkan bá ní orí ń fọ́ òun lápá ọ̀tún láàárọ̀, wọ́n kọ ọ́. Bí inú bá ń bí i láìnídìí, wọ́n kọ ọ́. Bí ó bá lálàá olè, tí òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ lóru, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ wọ ìwé. Láti ìgbà náà ni ìwé oògùn homeopathy ti kún fún àlá, ìbẹ̀rù, ìfẹ́ oúnjẹ àti ìwà èèyàn.

Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ ra àǹkárá tí yóò bá èyí tó wà nílé mu, ègé kan lẹ máa gé lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ẹ ò ní sọ fún aláṣọ pé "àǹkárá aláwọ̀ búlúù ni mo fẹ́", torí búlúù pọ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹja epìyà. Ègé yẹn lẹ máa nà sí i, á máa fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan: òdòdó yìí, ìlà yìí, àmì pupa tó wà létí yìí. Ìwé oògùn yẹn ni ìsọ̀ aláṣọ. Ìtàn ayé rẹ ni ègé àǹkárá tó wà lọ́wọ́ onísègùn. "Ẹ̀fọ́rí" lásán, búlúù nìyẹn. Àìmọye oògùn ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀fọ́rí sí lára.

Torí náà, ohun tó wọ́pọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá, ohun tó ṣàjèjì ni. Mo bi Ìyá bóyá ọkùnrin náà béèrè ohun tó ń mú ẹ̀fọ́rí náà le sí i. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó pẹ́ gan-an lórí ibẹ̀. Ẹ̀fọ́rí wọn kì í jí bá wọn. Ó máa ń dé nígbà tí oòrùn bá ti ga díẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, á máa lu ìpàkọ́ wọn gbì gbì bí ẹni ń fi òòlù gbá irin, á sì rọlẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Aago tó ń dé, apá ibi tó wà, ooru àbí òtútù, ìjókòó àbí ìrìn, lójú wọn gbogbo ìyẹn níye lórí ju orúkọ àìsàn lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń béèrè náà ní òfin. Hahnemann kọ ọ́ sínú ìwé Organon tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1810. Kí onísègùn jẹ́ kí aláìsàn máa sọ̀rọ̀, kó má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà bí aláìsàn ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kó lè padà wá fi àlàyé kún un. Kó má sì béèrè ìbéèrè tí aláìsàn lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn. Èyí gbọ́n, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Bí mo bá bi ẹlòmíì ní káńtà mi pé "Ṣé ẹ kì í rí oorun sùn?", "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa sọ kí n lè tètè dá a lóhùn. Bí mo bá ní "Báwo ni oorun yín?", ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa jáde: ọmọ tí kò tíì wọlé, gbèsè, ẹ̀fọn, ọkọ tó ń han-run.

Apá kejì ni ìtàn ayé gan-an, èyí tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Onísègùn homeopathy fẹ́ mọ ìgbà tí ara rẹ ti dáwọ́ dúró láti máa dá. Àwa náà máa ń sọ ọ́: "Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yẹn, ara mi ò rí bákan náà mọ́." "Láti ìgbà tí ilé ti jóná." Ẹni tó gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú wọn á fà sí i lójú ẹsẹ̀, torí àwọn oògùn kan wà tí wọ́n so mọ́ ohun tó fa àìsàn. Ẹni tí ìbẹ̀rùbojo bá kọ lù, Aconite ni wọ́n máa ń ronú kàn. Ìbànújẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Ignatia. Ẹni tí wọ́n tàbùkù rẹ̀ tó sì gbé e mì, Staphysagria. Ìbànújẹ́ tó ti pẹ́, tí ẹni náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tu òun nínú, tó ń dá sunkún nínú yàrá, tó sì fẹ́ràn iyọ̀, tí oòrùn ń fa ẹ̀fọ́rí fún, Natrum muriaticum ni.

Orúkọ yẹn gan-an ni mo rí lára ìgò Ìyá. Mo rẹ́rìn-ín, n ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín. Iyọ̀ ni Natrum muriaticum. Iyọ̀ ọbẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n fi ń fi ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ bọ yíyọ̀ kúrò lára ẹja àrọ̀, iyọ̀ ni wọ́n tún lọ gbà wá nígboro.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀fọ́rí yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ọmọ wọn obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ló lọ. Wọ́n ṣe fídáù rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n ti wà níwájú ààrò. Wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, torí àwọn àgbà ní kí wọ́n gba kádàrá. Títí tí ọkùnrin yẹn fi to ìtàn wọn lọ́dọọdún sórí bébà, wọn ò mọ̀ pé ọdún kan náà ni ọmọ lọ tí orí ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ohun méjì ṣì kù nínú ìbéèrè wọn. Wọ́n ń béèrè àìsàn bàbá àti ìyá torí Hahnemann kọ ní 1828 pé àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ní gbòǹgbò tó ti wọ ara látayébáyé, àti pé èyí tó gbilẹ̀ jù ni ti èèkúrú tí wọ́n fi oògùn tì wọnú. Ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, n ò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Èkejì ni ti Constantine Hering, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó mú kí homeopathy gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ní bí ìwòsàn bá jẹ́ ti òótọ́, àìsàn á máa tinú bọ́ síta, á máa torí sọ̀ kalẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ mọ èyí tó kọ́kọ́ ṣe ọ́ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín. Bí àìsàn àtijọ́ kan bá padà dé lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn wọn, àwọn kan lè sọ fún yín pé àmì rere ni. Ó lè jẹ́ àìsàn tó ń le sí i ni.

Ó wá ku inú ìgò. Ẹ̀kán 1 nínú oògùn náà ni wọ́n máa ń kán sínú ẹ̀kán 99 omi tàbí ọtí, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dáadáa. 1C nìyẹn. Wọ́n á mú ẹ̀kán 1 nínú ìyẹn, wọ́n á tún kán an sínú 99 mìíràn, ó di 2C. Ti Ìyá jẹ́ 30C, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà 30. Tí wọ́n bá ti kọjá 12C, ó ṣòro kí ẹyọ iyọ̀ kan ṣoṣo ṣì kù níbẹ̀. 30C túmọ̀ sí 1 lórí 1 tí òdo 60 tẹ̀ lé. Bí ẹ bá kán omi iyọ̀ ẹ̀kán kan sínú ọ̀sà wa yìí, tí ẹ rò ó pọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ títí dé ibi tí ó parí sí, iyọ̀ yẹn ṣì le ju ti inú ìgò náà lọ fíìfíì. Wọ́n á wá kán an sórí hóró ṣúgà, ó gbẹ, ó tán. Ìyá ò purọ́. Àwọn onísègùn náà máa fèsì pé gbígbọ̀n tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n ló ń yọ agbára rẹ̀ jáde. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí agbára yẹn wọ̀n.

Ní 2015, NHMRC, àjọ ìjọba Australia tó ń rí sí ìwádìí ìlera, yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wọ́n ní kò sí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé wà fún pé homeopathy ń wò ó. Ní 2017, NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn dókítà yéé kọ ọ́ fún aláìsàn. Láti 2021, ìjọba Faransé ò san owó rẹ̀ mọ́. Ti èèpo igi ibà tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kíníìnì ń wo ibà torí pé ó ń pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Kò kan jíjọ àti àìjọ.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ní Southampton ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2011. Àwọn 83 tí làkúrègbé oríkèé ń bá jà ni wọ́n kó jọ, gbogbo wọn ṣì ń lo oògùn ọsibítù wọn. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan bá onísègùn homeopathy jókòó sọ ìtàn ara wọn, àwọn tó kù ò sọ ọ́. Wọ́n wá fún àwọn kan ní oògùn gidi, àwọn mìíràn gba ayédèrú tí kò ní oògùn kankan nínú, ẹnikẹ́ni ò sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn àti ayédèrú, ọgbọọgba ni wọ́n. Àwọn tó sọ ìtàn ni ara tù. Ìjókòó yẹn, ìbéèrè yẹn, wákàtí tí ẹnìkan fi gbọ́ ọ, òun ló ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà ọsibítù náà ní ẹ̀kọ́ gbígba ìtàn aláìsàn. Àwọn náà máa ń béèrè àìsàn ìdílé, iye ọmọ, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe, ikú tó ṣẹlẹ̀ nílé. Orúkọ àìsàn ni tiwọn ń wá, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí lórí fọ́tò egungun. Àkókò ni kò sí. Dókítà kan ṣoṣo, èrò kún kọ́rídọ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, ta ló fẹ́ béèrè àlá?

Mo ní kí Ìyá jẹ́ kí n wo bébà tí ọkùnrin náà fún wọn. Wọ́n tú etí ìró, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó ọjà, wọ́n ká a kékeré. "Rìsíìtì ni." Kì í ṣe rìsíìtì. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ oògùn, àti lábẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ìfúnpá ní ọsibítù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo tú gbogbo ohun tí mo ti ń rò nípa ọkùnrin náà ká lọ́kàn mi. Mo so ẹ̀rọ mọ́ Ìyá lápá. 174 lórí 106, ó ga gan-an. Mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìfúnpá kì í sábà fa ẹ̀fọ́rí, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ àwọn èèyàn lápá rọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ láìfọhùn. Mo tu ìwé náà sí Yorùbá fún wọn, mo kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn rẹ̀, mo ní kí wọ́n mú un dání lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ nìyí, torí n ò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ MDCN, àjọ tó ń fún dókítà láṣẹ, torí lábẹ́ òfin wa, homeopathy wà lábẹ́ wọn. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ẹ kó o dání lọ, ẹ má sì dá ọ̀kan dúró torí hóró ṣúgà, pàápàá ti ìfúnpá, àtọ̀gbẹ, wárápá àti HIV. Ohun tí ẹ ò bá fẹ́ sọ, ẹ ní ẹ ò fẹ́ sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè fipá gbà á lẹ́nu yín. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé homeopathy fún ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Èyí tí mo ti rí lójú ara mi lẹ́yìn káńtà yìí ju ìkìlọ̀ lọ.

Ìyá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé ẹja àrọ̀ yíyan méjì fún mi nínú ọ̀rá. Jẹ́nẹ́rà ti fún wọn ní oògùn ìfúnpá. Wọ́n gbé e àti ìgò ṣúgà sórí káńtà, wọ́n ní ṣé àwọn méjèèjì lè wà papọ̀. Mo ní wọn ò ní bá ara wọn jà, pé ti jẹ́nẹ́rà ni wọn ò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Wọ́n mú ìgò kékeré náà, wọ́n dì í padà sétí ìró.

"Ṣé ẹ ṣì máa padà lọ rí i?"

"Màá lọ. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti lọ, òun ló kọ́kọ́ bi mí pé kí lorúkọ rẹ̀."

Èmi náà ò béèrè, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Mo béèrè. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sọ orúkọ náà fún mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Ọmọ kan wọlé tó fẹ́ ra Paracetamol. Mo ní kó dúró.